Bí A Ṣe Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Gravel Lórí Odi Òkun Camargue

Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Rhône ti ya sí méjì kó tó wọ inú Òkun Mediterranean, ilẹ̀ kan wà láàárín ẹ̀ka méjèèjì tí kì í ṣe omi tán, tí kì í sì í ṣe ilẹ̀ tán. Camargue ni wọ́n ń pè é. Odi gbọọrọ kan tí wọ́n mọ parí ní 1859, kí omi òkun má baà ya wọ oko olóko, ló gba etí òkun náà kọjá láti ìlú Saintes-Maries-de-la-Mer ní ìwọ̀ oòrùn títí dé ìhà Salin-de-Giraud ní ìlà oòrùn. Mọ́tò kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ni ín. Ọ̀sà wà lápá kan, iyanrìn àti òkun wà lápá kejì.

Kẹ̀kẹ́ gravel, ìyẹn èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ bíi ti kẹ̀kẹ́ eré ìje ṣùgbọ́n tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ju tìyẹn lọ, ló bá ibẹ̀ mu jù. Òkè kankan ò sí lọ́nà, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń fojú kéré e. Bíi kìlómítà 25 ni àlọ àti àbọ̀ láàárín Saintes-Maries àti ilé ìmọ́lẹ̀ Gacholle, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ló wá le níbẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni.

Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní mistral ló ń jọba níbẹ̀. Àríwá àti àríwá-ìwọ̀-oòrùn ló ti ń bọ̀, àfonífojì Rhône ló sì ń gbà wá. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ti mọ ìdajì rẹ̀: ó gbẹ, ó sì tutù. Àmọ́ ọyẹ́ a máa kó eruku bo ojú ọ̀run, nígbà tí mistral máa ń gbá a mọ́ tónítóní. Ibẹ̀ ló ti ń tan àlejò jẹ. Oòrùn á máa ràn yòò, ẹ ó sì rò pé ọjọ́ náà dára, títí ẹ ó fi ṣẹ́rí padà. Ní ọjọ́ tí inú bá bí i, ó lè ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan.

Nítorí náà, ní alẹ́ tó ṣáájú, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ Météo-France, kí ẹ sì wo ìhà tí afẹ́fẹ́ yóò ti wá ṣáájú kí ẹ tó wo bó ṣe le tó. Bó bá jẹ́ mistral, ìlà oòrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí La Comtesse tí kò jìnnà sí ilé ìmọ́lẹ̀. Ẹ ó dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì le, yóò sì máa tì yín lẹ́yìn nígbà àbọ̀. Bó bá jẹ́ pé láti inú òkun ní gúúsù-ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́, ẹ yí i padà: Saintes-Maries ni kí ẹ ti gbéra. Tó bá ti ń fẹ́ ju kìlómítà 40 lọ ní wákàtí kan láìdáwọ́ dúró, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Orí odi kò ní igi, kò ní ilé, kò sí ohun tó máa gba ẹ̀fúùfù náà dúró. Tó bá gbá yín láti ẹ̀gbẹ́, inú omi lẹ ó bá ara yín.

Oṣù Kẹrin, Karùn-ún, Kẹsàn-án àti Kẹwàá ló dára jù. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ní oṣù Keje àti Kẹjọ, ooru ni, ẹ̀fọn sì ni. Ẹ̀fọn Camargue kì í ṣeré rárá. Ní 24 oṣù Karùn-ún, àwọn Roma máa ń gbé ère Sara, ẹni mímọ́ wọn, lọ sí etí òkun ní Saintes-Maries, àjọ̀dún náà á sì wọ 25, èrò á kún ìlú náà. Ẹ má fi ọjọ́ méjèèjì yẹn ṣe ọjọ́ kẹ̀kẹ́.

Táyà

Ojú ọ̀nà náà kì í ṣe oríṣi kan. Taràá tó le wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ibòmíràn sì wà tí afẹ́fẹ́ ti gbá iyanrìn bò ó mọ́lẹ̀. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 45 ni kí ẹ lò. Èyí tí kò fẹ̀ tó 35 á máa rì.

Fún ẹni tó wọn kílò 75, tí táyà rẹ̀ jẹ́ 40 tí kò ní túùbù nínú, psi 30 níwájú àti 33 lẹ́yìn ló tọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Tí túùbù bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi 5 kún un. Tí ẹ bá fẹ́ la iyanrìn gígùn kọjá, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde títí yóò fi kù bíi 25, kí ẹ sì tún un fún padà tí ilẹ̀ bá ti le. Ọ̀pọ̀ kì í fún un padà. Ohun tó sì ń tẹ̀lé e ni pé òkúta á gba táyà kọjá kan ríìmù: ríìmù á tẹ̀, tàbí kí túùbù lu ní ihò méjì tó jókòó ti ara wọn.

Ẹni tí kò lo túùbù, kó wo oje tó wà nínú táyà, èyí tó máa ń dí ihò. Mílílítà 60 tó fún táyà kan. Nínú ooru, oje yìí lè gbẹ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ gbé e súnmọ́ etí, kí ẹ mì í. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan tó ń ṣàn, ẹ da tuntun sí i.

Ẹrù

Láàárín Saintes-Maries àti ilé ìmọ́lẹ̀, ẹ má retí omi ẹ̀rọ, ìsọ̀ tàbí ibòji. Omi lítà méjì àti ààbọ̀ ni ó kéré jù fún ẹnì kan, lítà mẹ́ta nígbà ooru. Ẹ mú túùbù kan dání, kódà tí ẹ kì í bá lò ó, pẹ̀lú póńpù, ohun tí ẹ fi ń yọ táyà, àti ìsopọ̀ ṣéènì kan. Ẹ má gbàgbé awò tó bo ojú dáadáa, nítorí iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kò mọ ẹyinjú. Nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀ ni 112.

Lórí odi

Kí ẹ tó wọ iyanrìn, ẹ ti yí jíà sí èyí tó fúyẹ́. Tí ẹ bá dúró di inú rẹ̀, ó ti pẹ́. Ẹ fi ìdí sẹ́yìn díẹ̀ lórí ìjókòó, ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan búréèkì iwájú, kí ẹ sì máa tẹ pẹ́dà lọ láìdúró. Nígbà tí táyà iwájú bá ń rì, ẹ ó gbọ́ ọ tí iyanrìn ń dún ṣììì, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì fẹ́ yí fúnra rẹ̀. Ẹ má bá a jà. Ẹ wo ibi tí ẹ ń lọ, bíi mítà mẹ́wàá síwájú, kí ẹ sì tẹ pẹ́dà sí i. Ẹni tó bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin ló ń ṣubú. Tí iyanrìn bá ti bo ríìmù, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ ti kẹ̀kẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìjì, adágún kéékèèké máa ń dúró lójú ọ̀nà. Omi iyọ̀ ni. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má là á já, torí ibi tí iyọ̀ bá ti wọ bérìn, ó di kó máa ké.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti 1927 lẹ wà: ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má fò dúróònù. Àwọn ẹyẹ flamingo á máa ki ẹnu bọ omi láti wá edé tíntìntín tó ń sọ ìyẹ́ wọn di pupa rẹ́súrẹ́sú. Tí gbogbo wọn bá gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kúrò, ẹ ti súnmọ́ wọn jù. Ẹ dúró, kí ẹ sì padà sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ náà, agogo ni kí ẹ lù fún wọn látọ̀nà jíjìn. Nínú afẹ́fẹ́ líle wọn kì í gbọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìrìn

Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ fọ kẹ̀kẹ́. Garawa omi lásán méjì àti kànìnkànìn tó. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń tu omi pẹ̀lú agbára, ó máa ń ti iyọ̀ wọ inú bérìn ni. Ẹ nu ṣéènì gbẹ, kí ẹ kán òróró ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí orí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì nu èyí tó bá kù lóde, torí òróró ìta ló ń mú iyanrìn. Ẹ fa ọ̀pá ìjókòó jáde, ẹ nù ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ funfun nu ṣéènì. Tí aṣọ bá pọ́n bí ilẹ̀ pupa, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un fọ̀.