Ṣé Kí N Sọ Fọ́tò Yìí Di Dúdú àti Funfun?

Ẹ dákun, ẹ má tíì tẹ black and white yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kọ́lọ̀ ń ṣe nínú fọ́tò náà.

Ká ní Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde lẹ ti yà á, tí àwọn ẹgbẹ́ ń kọjá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ tiẹ̀, aṣọ yẹn la fi ń dá wọn mọ̀, tẹ́ ẹ bá ti yọ kọ́lọ̀ ẹ ti yọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀.

Irun ló yàtọ̀. Látọdún 1968 ni J.D. 'Okhai Ojeikere ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, dúdú àti funfun ni, ọ̀pọ̀ wọn látẹ̀yìn orí, tẹ́ ẹ bá wò ó ẹ máa rí ìlà irun, bí wọ́n ṣe pín in, bí òwú ṣe gbé e dúró, kò sí pupa tàbí yẹ́lò kankan tó máa gba ojú yín lọ síbòmíì. Ọwọ́ ìyá arúgbó, ògiri alámọ̀ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn yẹn náà ń gba dúdú àti funfun.

Ibi tó ti máa ń dani láàmú ni pupa àti gríìn. Mo ya àǹtí mi níbi ìnáwó kan, gèlè pupa, bùbá gríìn, ó dùn ún wò gan-an, ni mo bá yí i padà, gèlè àti bùbá di àwọ̀ eérú kan náà! Ìdí ni pé tí kọ́lọ̀ bá ti lọ, bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó nìkan ló kù, pupa yẹn àti gríìn yẹn sì mọ́lẹ̀ dọ́gba. Nínú Snapseed, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí fóònù, ẹ wọ Black & White, kọ́lọ̀ fílítà wà níbẹ̀, ẹ mú pupa, gèlè á mọ́lẹ̀ sí i, gríìn á ṣókùnkùn. Àmọ́ ẹ máa wojú èèyàn o, fílítà pupa máa ń jẹ́ kí awọ ara mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, adúmáadán ò gbọ́dọ̀ di ẹlòmíì torí gèlè.

Fọ́tò tó bá ṣe bàìbàì, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di dúdú àti funfun, bàìbàì náà ló máa jẹ́. Ṣùgbọ́n tí kánópì búlúù bá ti kun ojú gbogbo èèyàn ní búlúù, dúdú àti funfun máa ń gbà wá níbẹ̀ gan-an.

Tọ́kàn yín bá ṣì pín sí méjì, ẹ ṣe kópì kan, ẹ fa saturation ẹ̀, ìyẹn bí kọ́lọ̀ ṣe pọ̀ tó, wálẹ̀ pátápátá, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, tójú yín lọ tààrà síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ, ẹ mú un. Tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń wá ẹni tẹ́ ẹ yà, ẹ padà sí oníkọ́lọ̀.