Bí A Ṣe Ń Tẹ Láìkì Kí Ó Lè Sọ Ohun Tó Wà Lọ́kàn Wa

Láìkì, ìyẹn àmì Like tí a ń tẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán lórí àwọn ìkànnì bíi Facebook, kéré lójú, nítorí ìka kan péré ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ orúkọ ẹni a máa bá a lọ: ní ọ̀pọ̀ ìkànnì, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yóò rí i pé àwa la tẹ̀ ẹ́, ní àwọn kan ẹ̀wẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá lè rí ọ̀rọ̀ náà yóò rí orúkọ wa lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka láìkì sí ìfọwọ́síwèé, a kì í sì í fọwọ́ sí ìwé tí a kò tíì kà.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka ọ̀rọ̀ náà tán. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, Facebook a máa gé e, wọn a sì kọ See more sí ibi tó ti gé. Ibẹ̀ ni kí a tẹ̀ ná, nítorí ìlà mẹ́ta tó ṣáájú lè máa yin ẹnì kan, kí èyí tó kù sì jẹ́ èébú pọ́ńbélé. Bákan náà ni fídíò, kí a wò ó dé òpin.

Lẹ́yìn èyí, kí a wá bọ́tìnì náà. Àtàǹpàkò ni lórí Facebook àti YouTube, ọkàn ni lórí Instagram àti X. Ìràwọ̀ ni X ń lò nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní Twitter, ọdún 2015 ni wọ́n fi ọkàn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń tẹ ìràwọ̀ yẹn láti fi sàmì sí ohun tí wọ́n fẹ́ padà wá kà, àṣà náà kò sì tíì tán lọ́wọ́ àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tó rí ọkàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbà pé a fara mọ́ òun ni. Bí ó bá jẹ́ pé a fẹ́ fi nǹkan pamọ́ ni, bọ́tìnì mìíràn wà fún un: Bookmark ni lórí X, Save ni lórí Facebook àti Instagram.

Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń tẹ láìkì. Bí àwọ̀ àmì náà bá ti yí padà, ó ti wọlé nìyẹn. Bí a bá tún un tẹ̀, yóò kúrò. Instagram yàtọ̀ díẹ̀, torí bí ìka bá kan àwòrán lẹ́ẹ̀mejì léraléra, láìkì ti wọlé, kíkàn án lẹ́ẹ̀mejì sí i kò sì lè yọ ọ́, àfi kí a tẹ àmì ọkàn tó wà lábẹ́ àwòrán fúnra rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ní òru, níbi tí mo ti ń wo àwòrán ọlọ́dún márùn-ún ti ẹnì kan tí a kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ rí. Mo yára yọ ọ́, ṣùgbọ́n ìfitónilétí lè ti dé ojú fóònù ẹni náà kí ọwọ́ mi tó padà débẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ jù ni yíyan irú àmì tí a ó lò. Láti oṣù Kejì ọdún 2009 tí Facebook ti gbé bọ́tìnì yìí jáde, àtàǹpàkò nìkan ló wà, títí wọ́n fi fi ìfẹ́, ẹ̀rín, ìyanu, ìbànújẹ́ àti ìbínú kún un ní ọdún 2016; ojú tó gbá ọkàn mọ́ra dé ní ọdún 2020. Kí a tó lè rí wọn lórí fóònù, kí a tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ láì gbé ìka kúrò títí àwọn àmì yóò fi tò síta, lẹ́yìn náà kí a tẹ èyí tí a fẹ́. Bí a bá kánjú gbé ìka, àtàǹpàkò ló máa wọlé. Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ pé ìyá òun kú láàárọ̀ yìí, àtàǹpàkò lábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dà bí ẹni pé ikú náà dùn mọ́ wa nínú. Ojú tó ń sunkún ló yẹ kí a yàn, kí a sì tún kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sí i, nítorí àmì nìkan kò tó. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín náà gba ìṣọ́ra: lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ṣàwàdà, yẹ̀yẹ́ ni.

Àwọn ìkànnì wọ̀nyí tún máa ń fi láìkì wa mọ irú nǹkan tí wọn yóò máa gbé wá fún wa, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ìjà yóò máa rí ìjà sí i. Ní ti ẹni tó lè rí i, X ti fi láìkì oníkálukú pamọ́ fún àwọn ẹlòmíràn láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ṣì ń rí ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Bí a bá fẹ́ mọ èyí tí a ti tẹ̀ sẹ́yìn, kí a lọ sí Activity Log lórí Facebook tàbí Your Activity lórí Instagram. Wọ́n tò sí ibẹ̀, a sì lè yọ èyí tí a kò fẹ́ mọ́. Àwọn kan á wà níbẹ̀ tí a kò tilẹ̀ ní rántí pé ọwọ́ wa ló tẹ̀ wọ́n.