Orí Egungun Ni Okùn Ń Jókòó: Bí A Ṣe Ń De Hánẹ́ẹ̀sì Mọ́ Ọkọ̀ Track Day

Mọkálíìkì ni mí, Dartford ní Kent ni mo ń gbé, kò sì jìnnà sí pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch. Bí wọ́n bá ti ní track day, ìyẹn ọjọ́ tí àwa tí a kì í ṣe awakọ̀ ìdíje lè sanwó ká fi ọkọ̀ tiwa sáré níbẹ̀, ẹ ó bá mi níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi gbé Mazda MX-5 rẹ̀ wá sí gáréèjì mi. "Bọ̀dá mi, mo ti ra hánẹ́ẹ̀sì. Ẹ bá mi dè é mọ́ ọkọ̀, Sátidé ni mò ń lọ."

Bẹ́líìtì olókùn púpọ̀ tí àwọn awakọ̀ ìdíje fi ń de ara wọn mọ́ ìjókòó ni hánẹ́ẹ̀sì. Mo tú tirẹ̀ wò. Olókùn mẹ́rin ni, àlòkù: méjì fún èjìká, méjì fún ìbàdí. Ìjókòó iléeṣẹ́ ló ṣì wà nínú ọkọ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé dà sẹ́yìn. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó ló ní kí n de okùn èjìká mọ́. Mo ní hánẹ́ẹ̀sì yìí kò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pọnmọ. Ìdí ọmọ ni ọ̀já máa ń gbá mú. Bí ọ̀já bá gun òkè, ọmọ á yọ̀ bọ́ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti hánẹ́ẹ̀sì olókùn mẹ́rin. Tí ẹ bá ti fa okùn èjìká le, á gbé ìdè àárín gòkè, okùn ìbàdí á sì kúrò lórí egungun, á bọ́ sórí ikùn. Tí ọkọ̀ bá wá forí sọ nǹkan, ara á yọ̀ lọ sábẹ́ okùn, okùn á sì wọ ibi tí ẹ̀dọ̀ àti ìfun wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọkọ̀ yí mọ́ mi lọ́wọ́ ní Paddock Hill Bend, níbi tí pápá ti dà gẹ̀rẹ́ lójijì, ó gba orí òkúta wẹ́wẹ́ lọ gbá ògiri táyà. Eré rẹ̀ ti dín kù kó tó débẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo bọ́ aṣọ nílé, ìlà pupa kan gba abẹ́ ìdodo mi kọjá, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Mo ti yọ okùn tó ń gba àárín itan sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé ó ń ha mí. Olókùn mẹ́fà ni mo ń lò láti ìgbà náà, nítorí méjì tó gba àárín itan ló ń di ìdè àárín mọ́lẹ̀.

Ìjókòó ló ń ṣáájú. Ẹ wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣí, tó ní ihò tí okùn èjìká máa gbà. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Ihò yẹn gbọ́dọ̀ bá èjìká yín dọ́gba tàbí kó fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Tó bá rẹlẹ̀, okùn á máa tẹ egungun ẹ̀yìn yín mọ́lẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Ìdí kan náà ni a kì í fi í de okùn èjìká mọ́ ilẹ̀. Ọ̀pá irin lẹ́yìn ìjókòó ni kí ẹ dè é mọ́, kó lọ gbọrọ láti èjìká, tàbí kó dà sílẹ̀ díẹ̀, kó má ju 20° lọ. Kí okùn náà kúrú, torí bó bá ṣe gùn tó ló ṣe máa nà tó. Ẹ má sì ki tìmùtìmù sábẹ́ ìdí. Yóò fún pọ̀ lójú ìjàǹbá, okùn tí ẹ rò pé ó le á sì dẹ̀.

Ibi tí ìjókòó ti so mọ́ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn. Òfin FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, ní bóòtì mẹ́rin ó kéré tán, tí kò tín ju 8 mm lọ, àti irin pẹlẹbẹ onínípọn 3 mm lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ níbi bóòtì kọ̀ọ̀kan, kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 40 cm². Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi wáṣà kékeré ṣe é. Páànù ilẹ̀ ti ń ya yí ká wáṣà náà bí ìwé, ẹni tó ni ín kò mọ̀. Bóòtì olójú tí hánẹ́ẹ̀sì ń kọ́ mọ́ sábà máa ń jẹ́ 7/16 UNF, ìyẹn oní-ínṣì, kì í ṣe oní-mìlímítà. Ẹ fọwọ́ yí i wọlé kí ẹ tó mú sípánà. Tó bá kọ̀, ẹ má fi agbára mú un. Níbi tí okùn bá ti gba inú irin tí a fi ń fà á gùn tàbí kúrú, kó tún padà gba ibi tó ti wá kó lè tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ìrù rẹ̀ ṣẹ́ kù tó 10 cm.

Hánẹ́ẹ̀sì kò ní jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọkọ̀ bá dojú dé. Nítorí náà, láìsí ọ̀pá àgò irin lókè orí, ẹ má dè é rárá. Bẹ́líìtì iléeṣẹ́ àti ìjókòó rẹ̀ sàn jù. Ká lè mọ̀ bóyá orí àbúrò mi kò ga jù, a gbé ọ̀pá gígùn kan lé orí gíláàsì iwájú MX-5 náà, a nà án dé orí ọ̀pá àgò. Àbúrò mi jókòó pẹ̀lú akoto lórí. Akoto gbé ọ̀pá kúrò níbi tí a gbé e lé. Ìjókòó tuntun ló gbé orí rẹ̀ wálẹ̀, tí 5 cm fi ṣẹ́ kù láàárín akoto àti ọ̀pá náà.

Ọrùn ńkọ́? Bí okùn bá di àyà mú, orí nìkan ló kù tó ń lọ. Ìpìlẹ̀ agbárí Dale Earnhardt, awakọ̀ ìdíje ará Amẹ́ríkà, ló fọ́ ní pápá eré ọkọ̀ Daytona lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2001, kò sì lo HANS, ohun tí ń so akoto mọ́ èjìká. Kí ọdún náà tó parí ni NASCAR, àjọ tó ń ṣètò eré ọkọ̀ tó ń sá, sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di dandan. Formula 1 ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2003. Ẹ rà á pọ̀ mọ́ hánẹ́ẹ̀sì.

Tí ẹ bá ti jókòó, okùn ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ fà. Ẹ fi àtàǹpàkò wá ṣóńṣó egungun ìbàdí méjèèjì, abẹ́ ibẹ̀ ni kí okùn gbà, kó le débi pé ẹ ò lè rọra sún. Lẹ́yìn náà ti itan. Ti èjìká ló kẹ́yìn. Kí ẹ sì fi ìjáde dánra wò nínú gáréèjì, pẹ̀lú ojú dídì.

Mo ka àmì tí wọ́n rán mọ́ hánẹ́ẹ̀sì àlòkù yẹn. Ọdún márùn-ún ni FIA ń fún un, ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì ti kọjá tipẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé gbogbo okùn rẹ̀ sí méjì-méjì, kí ẹlòmíì má bàa tún rà á.