Bí mo ṣe dán ìwé kíkà àwọn ọmọ wò, tí mo sì tún kíláàsì wọn pín

Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe, òrùlé àti àga ni wọ́n sábà máa ń rà. Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì kẹrin tí kò mọ̀wé kà yóò jókòó sórí àga tuntun, kò sì ní mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tí kò mọ̀wé kà gan-an ni mo kọ́kọ́ wá.

Bébà kan ni mo lò: lẹ́tà 10, ọ̀rọ̀ onísílébù méjì 10, gbólóhùn 4, àti ìtàn kúkúrú kan, gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá. Mo rí i dájú pé gb, ṣ, ẹ àti ọ wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: wọ́n á ka ṣ bíi s, wọ́n á ya g kúrò lára b.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pè wọ́n, níbi tí àwọn yòókù kò ti ní gbọ́, kí wọ́n má baà há a sórí. Orí gbólóhùn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kà á já bọ́ sórí ìtàn. Ẹni tí kò lè kà á padà sórí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà. Nínú ọ̀rọ̀ tàbí lẹ́tà náà, mo ní kí ó mú 5 tó bá wù ú. Bó bá gba 4, ó yege. N kò tún ẹnikẹ́ni ṣe bó ti ń kà, nítorí ọmọ tí a bá ń já lu yóò dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni a kó kíláàsì kẹta dé ìkarùn-ún pọ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́, a pín wọn bí wọ́n ṣe mọ̀wé kà sí, kì í ṣe bí ọjọ́ orí wọn. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ jù lọ ni mo fún ní àwọn tó wà ní lẹ́tà. Ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń ṣe òdìkejì: kíláàsì kẹfà tó fẹ́ ṣèdánwò ni wọ́n ń fún un. Páálí ni a gé, a kọ ba, bẹ, be, bi, bo, bọ, bu sí i; àwọn ọmọ ń tò wọ́n di ọ̀rọ̀. Àmì ohùn kò gbọ́dọ̀ dúró dìgbà míì: igbá, ìgbà àti igba, ẹ kọ́ wọn pa pọ̀.

Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú, torí ibi tí olùkọ́ bá ìlànà iṣẹ́ dé ni alábẹ̀wò máa ń béèrè. Àwọn òbí á rò pé a dá ọmọ àwọn padà sẹ́yìn, wọ́n á tún béèrè ìdí tí kì í fi ṣe Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ wọn. Èmi sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: ọdún 6 gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì bàjẹ́.

Lóṣooṣù ni mo ń tún ìdánwò náà ṣe, ẹni tó bá yege á bọ́ sí ẹgbẹ́ tó kàn. Iye ọmọ tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni a kọ sókè ìwé tí a fi béèrè olùkọ́ lọ́wọ́ SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba.