"Kò Rí Bẹ́ẹ̀ Nínú Ìwé": Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tó Ń Jiyàn Lórí House of the Dragon

Láti Under-G títí dé Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, bí apá kan House of the Dragon, eré tẹlifíṣọ̀n lórí ìdílé ọba Targaryen tó ń gun dírágónì, bá ti parí báyìí, ariwo ló kù. "Wọ́n ti ba ìtàn náà jẹ́!" "Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé!" Ẹ wá bi ẹni tó ń pariwo náà pé orí wo nínú ìwé, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn wo eré láìka ìwé. Èyí tó ń bí èèyàn nínú ni ká máa fi ìwé tí a kò ṣí rí búra, ká sì tún máa náwó síbi tí kò yẹ nítorí pé a kò bèèrè. Mi ò ní máa ṣàlàyé ẹni tí àwọn Targaryen jẹ́ o. Ẹni tó bá ti débi àríyànjiyàn ti mọ ìyẹn.

Èkíní, ẹ yé ra ìwé tí kì í ṣe òun. Ìwé A Game of Thrones àti àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé e kọ́ ni wọ́n fi ṣe House of the Dragon. Fire & Blood ni, èyí tí George R. R. Martin gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2018. Nǹkan bí ọdún 170 ló wà láàárín ìtàn méjèèjì. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kó owó oúnjẹ lé ìwé márààrún, á máa ṣí wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn, á máa wá Rhaenyra. Orúkọ rẹ̀ lásán ni yóò bá pàdé níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹni tó ti kú tipẹ́.

Fire & Blood náà tóbi, ó tó nǹkan bí ojú-ìwé 700, láti ìgbà tí Aegon àkọ́kọ́ ti ṣẹ́gun Westeros, ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ torí eré yìí lẹ ṣe rà á, ẹ fo iwájú rẹ̀ ná. Ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ "Heirs of the Dragon" sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọba Viserys, Alicent ìyàwó rẹ̀ àti Rhaenyra ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ̀. "The Dying of the Dragons" ló tẹ̀ lé e, wọ́n sì pín in sí ọ̀nà púpọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí síísìn kejì fi bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ "A Son for a Son", ogun Rook's Rest sì wà lábẹ́ "The Red Dragon and the Gold". Ẹ ka ìwọ̀nyẹn tán kí ẹ tó padà síwájú.

Èkejì, The Winds of Winter, ìwé kẹfà nínú ọ̀wọ́ A Game of Thrones, kò tíì jáde. Ẹni tó bá tà á fún yín, ì báà jẹ́ PDF, ì báà jẹ́ ìwé tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì dì dáadáa, ìtàn tí ẹlòmíì jókòó hun fúnra rẹ̀ ló tà fún yín.

Ẹ̀kẹta ni "ìwé sọ pé". Èyí gan-an ló gbé mi dé ìdí kíkọ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nínú àwọn ìwé Game of Thrones, orúkọ ẹnì kan ló máa ń wà lókè orí kọ̀ọ̀kan, inú ọkàn ẹni náà la sì ti ń wo ohun gbogbo. Fire & Blood kò rí bẹ́ẹ̀. Martin kọ ọ́ bí ẹni pé òpìtàn kan tó ń jẹ́ Archmaester Gyldayn ló jókòó ti àkọsílẹ̀ àwọn ará àtijọ́, tó ń fi ọ̀kan wé èkejì, tó sì ń sọ èyí tó gbà gbọ́ àti èyí tó fura sí. Lórí ogun tí Rhaenyra àti Aegon kejì, àbúrò rẹ̀, jà lórí ìtẹ́, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló gbára lé jù. Septon Eustace jẹ́ àlùfáà tó ń gbé ní ààfin, ìhà Aegon ló sì fì sí. Mushroom jẹ́ aràrá, aláwàdà ààfin, ó wà lọ́dọ̀ Rhaenyra, ìsọkúsọ kò sì ṣòro fún un. Ẹ̀kẹta ni Grand Maester Munkun, onímọ̀ àgbà ààfin, tó gbé ìwé tirẹ̀ ka orí ohun tí Orwyle, ẹni tó wà nípò náà ṣáájú rẹ̀, kọ nígbà tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń kọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n kò ní ṣàì dá ara rẹ̀ láre.

Kò yẹ kí èyí ṣe ará Ọ̀yọ́ ní kàyééfì. Bí ẹ bá bèèrè bí Ṣàngó ṣe kúrò láyé, ẹnì kan á ní ọba so, àwọn adóṣù rẹ̀ á ní ọba kò so. Ẹni tó bá ní làákàyè á bèèrè pé ta ló sọ ọ́, ilé wo ni ẹni náà ti jáde, kí ló sì fẹ́ ká gbà gbọ́. Bó ṣe yẹ ká ka Fire & Blood náà nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Criston Cole, ẹ̀ṣọ́ ọba, àti Rhaenyra, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń le jù. Wọ́n ní eré náà purọ́, pé Criston kò bá a lò pọ̀ nínú ìwé. Ó dáa. Ohun tí Eustace sọ ni pé Criston yọ́ wọ yàrá ọmọ ọba lóru, ó jẹ́wọ́ ìfẹ́ rẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n jọ sá gba orí òkun lọ sí òkèèrè, Rhaenyra sì kọ̀. Ohun tí Mushroom sọ yàtọ̀ pátápátá: ó ní Rhaenyra ló lọ bá Criston, Criston ló kọ̀, ìbínú ìyẹn ló sì gbé ọmọbìnrin náà lọ sọ́dọ̀ Harwin Strong. Ìtàn méjì tí kò lè jọ jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà rèé. Kí ni eré ṣe? Ní apá kẹrin síísìn àkọ́kọ́, Rhaenyra ló fa Criston wọlé, bíi ti Mushroom, àmọ́ Criston kò kọ̀. Ní apá karùn-ún, lórí ọkọ̀ ojú omi, Criston bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n jọ sá lọ, Rhaenyra sì kọ̀, bíi ti Eustace. Wọ́n mú ẹ̀rí méjèèjì, wọ́n rán wọn pọ̀, wọ́n sì jẹ́ ká rí bí àlùfáà àti aláwàdà ṣe lè gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn. Ẹni tó bá pè é ní ìtàn bíbàjẹ́ kò ka ojú-ìwé yẹn.

Ẹ tún wo ikú Lucerys, ọmọ Rhaenyra, lójú ọ̀run ní ilé olódi Storm's End. Ní apá kẹwàá síísìn àkọ́kọ́, Arrax, dírágónì Lucerys, ló kọ́kọ́ tu iná lu Vhagar, dírágónì Aemond àbúrò Aegon kejì, láìgba àṣẹ, Vhagar bínú, Aemond ń kígbe pé kó dúró, kò gbọ́. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ fọ Aemond mọ́, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á nínú ìwé. Ta ló wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú wọn? Ìjì ń jà, ilẹ̀ ti ṣú, àwọn tó wà lórí odi kàn rí iná tó ń kọ mànà lókèèrè ni, wọ́n sì gbọ́ igbe kan. Ìwé kò wọ inú ọkàn Aemond lójú ọ̀run yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wọ̀ ọ́. Ibi tí ìwé dákẹ́ sí ni eré ti sọ̀rọ̀. Ẹ lè ní ẹ kò fẹ́ràn ohun tó sọ, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ kàn má pè é ní ìyípadà.

Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu, ẹ ṣe é báyìí: ẹ wá ojú-ìwé náà, ẹ wo ẹni tí Gyldayn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ wo bóyá ẹlẹ́rìí mìíràn ta kò ó, kí ẹ sì wo ohun tí Gyldayn fúnra rẹ̀ ní ó ṣeé gbà. Bí gbogbo wọn bá fohùn ṣọ̀kan tí eré sì ṣe òdìkejì, ìgbà yẹn lẹ lè wá wí pé wọ́n yí i padà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àwọn ìyípadà gidi wà o, wọn kò sì dọ́gba. Èyí ni àṣìṣe mìíràn: kéèyàn máa fi ohùn kan náà bínú sí gbogbo wọn.

Alicent, fún àpẹẹrẹ. Nínú ìwé, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó fẹ́ Viserys, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré sì ni Rhaenyra. Ìjà ìyàwó bàbá àti ọmọ ni. Eré sọ wọ́n di ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ tó jọ ń kàwé lábẹ́ igi. Ìyípadà ńlá ni, mo sì gbà pé ó dára, torí pé láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ tí ọ̀rẹ́ tó bàjẹ́ náà kò sí nínú rẹ̀. Ti àwọn Velaryon, ìdílé Laenor ọkọ Rhaenyra, tí wọ́n sọ di aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ìlà ìdílé àwọn ọmọ Rhaenyra ni ìyẹn ràn lọ́wọ́. Irun aláwọ̀ ilẹ̀ ni ìwé fi ń tọ́ka sí i pé àwọn ọmọ náà kò jọ Laenor. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú lásán ti tó. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èyí tó yẹ ká jà lé lórí ni Maelor, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń pariwo jù kì í dárúkọ rẹ̀.

Nínú ìwé, ọmọ mẹ́ta ni Helaena, ìyàwó Aegon kejì, bí: ìbejì, Jaehaerys àti Jaehaera, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Maelor, ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí Blood àti Cheese, apànìyàn méjì tí wọ́n rán wá, wọlé lóru, wọ́n ní kó yan èwo nínú ọmọkùnrin méjèèjì ni àwọn máa pa. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa òun dípò wọn, wọn kò gbà. Nígbà tó yá, ó dárúkọ Maelor. Wọ́n wá sọ fún ọmọ kékeré náà pé ìyá rẹ̀ fẹ́ kó kú, wọ́n sì yí padà, wọ́n bẹ́ orí Jaehaerys. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí ìyá fẹnu ara rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ikú ló kù láàyè, tí yóò máa rí lójoojúmọ́. Ìwé sì sọ pé Helaena kò lè gbójú wo Maelor mọ́ látọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti dàrú.

Ní apá àkọ́kọ́ síísìn kejì, ọmọ méjì péré ló wà. Àwọn apànìyàn kò dá ọkùnrin mọ̀ yàtọ̀ sí obìnrin nínú òkùnkùn, Helaena nawọ́ sí èyí tó jẹ́ ọkùnrin, wọ́n sì pa á. Ó bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí yíyàn níbẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè ni. Ọgbẹ́ tó wà nínú ìwé ti lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, Martin fúnra rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ síta lórí èyí, àmọ́ wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́yìn náà. Ó ṣàlàyé pé ohun tí Ryan Condal tó ń darí eré náà sọ fún òun ni pé ọmọdé ọdún méjì á fa iṣẹ́ sẹ́yìn, á sì kó owó lọ. Ó sì kìlọ̀ pé ohun tí Maelor ṣì máa fà níwájú nínú ìtàn yóò bá a lọ. Ìyípadà tó yẹ kí a máa wò nìyí: èyí tó ń yọ òpó kan kúrò lábẹ́ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi yín pé kí ló burú, ẹ lè nàka sí i.

Ẹ má fi dátà ṣòfò lórí wíwò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwòrán HD, èyí tó mọ́ kedere, lè jẹ nǹkan bíi gígábáìtì mẹ́ta ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lẹ fẹ́ fi wé ìwé, ẹ dín bí àwòrán náà ṣe mọ́ tó kù.

Ẹ yé sọ pé síísìn kẹjọ eré Game of Thrones "ba ìwé jẹ́". Ìwé wo? A Dance with Dragons, ìwé karùn-ún, jáde ní 2011. Nígbà tí eré fi máa dé síísìn kẹfà ní 2016, ó ti ré ìwé kọjá. Ohun tí kò tíì sí kò ṣeé yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ ìyípadà tó ní ìwé lẹ́yìn, ó pọ̀: Lady Stoneheart, ìyá Sansa tó jí dìde láti inú ikú, tí wọ́n yọ pátápátá, Young Griff, ọ̀dọ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Targaryen, tí kò yọjú rí, àti èyí tó burú jù lójú tèmi, bí wọ́n ṣe mú ìyà tí Jeyne Poole, ọ̀rẹ́ Sansa, jẹ lọ́wọ́ Ramsay ọkọ rẹ̀, tí wọ́n gbé e ka Sansa lórí ní síísìn karùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Littlefinger ní Vale ni Sansa wà nínú ìwé.

Ẹ sì rántí pé nǹkan tí wọ́n fi kún un máa ń dùn nígbà mìíràn. Nínú eré, Arya ń bu ọtí fún Tywin ní Harrenhal, àmọ́ nínú ìwé, Roose Bolton ni Arya ń bu ún fún. Robert àti Cersei tó jókòó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wọn ní síísìn àkọ́kọ́ kò sí nínú ìwé rárá. Àwọn tó ń pariwo "kò sí nínú ìwé" fẹ́ràn ìran méjèèjì dé góńgó, torí pé wọn kò mọ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ múra sílẹ̀ de ohun tó kù nínú ogun náà, "Rhaenyra Triumphant" àti "Rhaenyra Overthrown" ni kó kà báyìí. Kó mú pẹ́ńsùlù dání, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ìwé bá ti kọ "Mushroom" tàbí "Eustace", kó sì kọ orúkọ ẹni tó ta kò ó sí ẹ̀gbẹ́ ojú-ìwé.