Bí A Ṣe Ń Se Ọ̀dùnkún Òyìnbó Múlọ́múlọ́ ní Àkókò Àníyàn

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ń dúró de èsì àyẹ̀wò ìyá mi, kò sí ẹni tí ó lè jẹun nínú ilé wa. Ẹ̀bà kò gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, ìrẹsì kò wu ẹnikẹ́ni, àdúrà tí a sì ń gbà kì í ju ọ̀rọ̀ méjì lọ kí èrò tó gbé wa lọ. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni mo rí nínú apẹ̀rẹ̀. Mo sè é, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi múlọ́, mo bu ọbẹ̀ adìẹ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyá mi fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ mú ṣíbí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sè é nígbàkúùgbà tí ìpayà bá wọlé, mo sì fẹ́ kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, àti ìkòkò àti àdúrà tí ó ń bá a rìn, nítorí pé mo ti rí i pé a lè ṣe méjèèjì pọ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé oúnjẹ kò kan ìgbàgbọ́ nígbà ìpayà, kí ó ka ìtàn Èlíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19. Jésébélì ti búra láti pa á, ó sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó sì ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí, kò sì tíì bi í ní ìbéèrè kankan. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó rán áńgẹ́lì sí i pẹ̀lú àkàrà orí ẹyín iná àti orù omi. Nígbà tí ó jẹ tán tí ó tún sùn, áńgẹ́lì náà jí i kí ó tún jẹ, nítorí pé ọ̀nà tí ó kù níwájú rẹ̀ jìn. Agbára oúnjẹ yẹn ni ó fi rìn fún 40 ọ̀sán àti 40 òru títí ó fi dé Hórébù, níbi tí Ọlọ́run ti wá bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé kì í ṣe èèṣì ni oúnjẹ fi ṣáájú ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀dùnkún tí mo ń sọ kì í ṣe aládùn tí àwọn kan ń pè ní ànàmọ́ tàbí kúkúndùkú. Èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Írìṣì ni, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Ìpínlẹ̀ Plateau wá, láti agbègbè Jos, Bokkos àti Mangu, níbi tí òtútù orí òkè ti bá a lára mu. Ẹ mú èyí tí ó le lọ́wọ́, tí kò tíì máa hù. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti sọ di aláwọ̀ ewé, nítorí pé májèlé kan máa ń bá àwọ̀ yẹn rìn, iná kì í sì í pa á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú Ọba, Maris Piper tàbí King Edward ni kí ẹ bèèrè. Ní Amẹ́ríkà, Russet dára.

Fún ènìyàn mẹ́rin, kílò 1 ọ̀dùnkún tó, pẹ̀lú bọ́tà gíráàmù 80, mílíìkì mìlílítà 150 sí 200, iyọ̀, àti ata dúdú tí a lọ̀. Ẹ bó ọ̀dùnkún náà, kí ẹ sì gé e kí ègé kọ̀ọ̀kan tó ìdajì ẹyin adìẹ, kí gbogbo rẹ̀ lè jinná pọ̀. Ibi bíbó yìí ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo máa ń dárúkọ ohun tí ń bà mí lẹ́rù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Ọlọ́run, ìbáà ṣe owó ilé ìwé, ìbáà ṣe èsì àyẹ̀wò, ìbáà ṣe ọmọ tí kò tíì pè láti ìdálẹ̀, nítorí pé àníyàn tí a kò dárúkọ a máa tóbi ju bí ó ṣe rí gan-an lọ.

Ẹ fi omi ṣan ọ̀dùnkún náà, ẹ kó o sínú ìkòkò, ẹ bu omi tútù bò ó, kí ẹ sì fi iyọ̀ ṣíbí kékeré kan sí i kí ẹ tó gbé e kaná. Bí omi bá ti hó kí ọ̀dùnkún tó wọ inú rẹ̀, ìta yóò ti rà kí àárín tó jinná. Láti ìgbà tí ó bá ti hó, yóò gba ìṣẹ́jú 15 sí 20 lórí iná tí kò pọ̀ jù. Inú ìdè ni Pọ́ọ̀lù wà nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n má ṣe àníyàn ohunkóhun, kí wọ́n gbé ìbéèrè wọn lọ síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú àdúrà, ẹ̀bẹ̀ àti ìdúpẹ́. Ìdúpẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ń fò. Nítorí náà, mo máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó bèèrè ohunkóhun.

Bí ọ̀bẹ bá ti ń wọ inú rẹ̀ láìjà, ẹ dà á sínú asẹ́, kí ẹ sì dá a padà sínú ìkòkò lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Ẹ má fo èyí, nítorí pé ọ̀dùnkún tí omi kún inú rẹ̀ kò ní gba bọ́tà.

Títẹ̀ rẹ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀ sí iyán. Àwa tí a dàgbà nídìí odó mọ̀ pé bí a bá ṣe ń gún iyán tó ni ó ṣe ń fà tó, ohun tí a sì ń wá nìyẹn. Ọ̀dùnkún òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi agbára gún un, tàbí tí a dà á sínú ẹ̀rọ ìlọta, yóò fà bí oje igi, kò sì sí ohun tí yóò tún un ṣe mọ́. Ẹ fi fọ́ọ̀kì ńlá tàbí ìdí ife tí ó lágbára tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, títí kóró yóò fi tán nínú rẹ̀. Ọwọ́ tí ìpayà ń mú gbọ̀n a máa kánjú. Ẹ jẹ́ kí orin ìyìn kan tí ó falẹ̀ darí rẹ̀. Bọ́tà ni kí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí ó yọ́ tán, kí ẹ tó máa da mílíìkì gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ata dúdú sí i, kí ẹ tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò.

Adìẹ, ẹja tàbí ẹ̀fọ́ rírò bá a lọ. Ẹ pe gbogbo ilé jọ, kí ẹ sì dúpẹ́ sókè kí ẹ tó jẹ, bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi tí ìjì ń dà láàmú, níwájú 276 ènìyàn tí wọn kò jẹun fún ọjọ́ 14. Bí àníyàn bá ń gba oorun lójú yín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ sọ fún olùṣọ́-àgùntàn yín, kí ẹ sì lọ rí dókítà pẹ̀lú. Kò sí àìgbàgbọ́ nínú ìyẹn.

Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lè wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ méjì. Ẹ po ẹyin kan àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, kí ẹ dín in bí àkàrà ní òwúrọ̀. Bí ẹ bá sì mọ ẹnìkan ládùúgbò tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ẹ bu tirẹ̀ sínú fúláàsì oúnjẹ nígbà tí ó ṣì gbóná, ẹ gbé e lọ fún un, kí ẹ má sì bi í ní ìbéèrè kankan títí yóò fi jẹun tán.