Kí ẹ tó dáná sí sítóòfù eléèédú àlòkù

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo rí i pé púpọ̀ nínú wa ti ń ra sítóòfù eléèédú àlòkù ní ọjà Akẹ̀sán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan amọ̀ inú rẹ̀, bí a ṣe ń kan ìkòkò kí a tó rà á. Bí kò bá dún dáadáa, ó ti là nìyẹn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ibi tó ti dógùn-ún, kí ẹ sì kó eérú tó dí ẹnu ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ po amọ̀ mọ́ eérú tí ẹ ti jọ̀, kó ki bí àmàlà. Ẹ wọ́n omi sí ojú ibi tó là kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Amọ̀ tútù kì í lẹ̀ mọ́ gbígbẹ. Ibòji ni kó ti gbẹ fún bí ọjọ́ 3, kì í ṣe oòrùn. Èyí tí mo kánjú dáná sí lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ náà gan-an ló tún là. Èédú ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, bó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ má gbé e wọ yàrá sùn. Gáàsì tó ń jáde lára èédú kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Ìta gbangba ni kí ẹ ti yáná.